Oògùn Tí Kò Jẹ́, Ewé Rẹ̀ Ni Kò Pé

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Òwe yìí ni n óò gbé ọ̀rọ̀ mi kà lónìí. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe wá oògùn ibà títí tí wọ́n fi rí i, bí ó ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àti bí wọ́n ṣe tún rí òmíràn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ibà bá gbé mi dè, ìkòkò àgbo ni ìyá mi yóò kọ́kọ́ gbé kaná. Ewé dóńgóyárò wà níbẹ̀, ewé ìbẹ́pẹ wà níbẹ̀, koríko ọba wà níbẹ̀. Bí mo bá mu ún fún ọjọ́ méjì tí ara kò balẹ̀, a ó lọ ra chloroquine, oògùn kan tí ó korò ju jogbo lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ogójì ọdún kò lè gbàgbé oògùn yìí, nítorí pé bí ó ti ń lé ibà lọ ni ó ń fa ara yínyún. A ó máa họra láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tí ó já wọ inú wèrèpè. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ lónìí kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá bi wọ́n léèrè orúkọ oògùn ibà, èyí tí a ń gbé mì fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń dárúkọ. Kí ni ó dé sí chloroquine? Níbo ni èyí tí ó gba ipò rẹ̀ ti wá? Ọ̀nà ìdáhùn náà gba Gúúsù Amẹ́ríkà, ó gba Odò Ọya tiwa, ó sì dé ilẹ̀ Ṣáínà kí ó tó padà wọ ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀tá tí a ń bá jà. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ènìyàn kò fi mọ ohun tí ń fa ibà. Àwọn ará Ítálì rò pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń ti inú àbàtà jáde ni, inú èrò yìí sì ni orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é, malaria, ti wá. Níhìn-ín, oòrùn àti epo pupa ni a máa ń dá lẹ́bi. Ní 1880, dókítà ọmọ ogun Faransé kan tí ń jẹ́ Alphonse Laveran, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àlgéríà, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ó sì rí kòkòrò kan tí ń rìn nínú rẹ̀. Ní 1897, Ronald Ross, dókítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé abo ẹ̀fọn kan ni ń gbé ibà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Bí ó bá ti ta ènìyàn, kòkòrò náà yóò kọ́kọ́ fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn èyí, yóò jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò máa jẹ nǹkan pupa tí ó wà níbẹ̀, yóò sì máa bí sí i. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tán tí wọ́n bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà náà ni òtútù ń mú wa tí eyín ń gbọ̀n.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí orí rẹ̀. Nǹkan pupa tí kòkòrò náà ń jẹ ní irin nínú. Irin tòótọ́ ni, irú èyí tí ń dípẹtà. Pàǹtí tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ rẹ̀, tí irin yìí wà nínú rẹ̀, májèlé ni fún un. Nítorí náà a máa kó o jọ, a sì máa dì í pọ̀ di hóró dúdú kan tí kò lè pa á lára mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń kó ìdọ̀tí lọ sí ààtàn. Ibi ààtàn yìí gan-an ni àwọn oògùn ńlá ti ń bá a jà.

Oògùn kìíní tí ayé mọ̀ dájú wá láti ara igi. Lórí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi kan ń hù tí wọ́n ń pè ní cinchona. Láàárín 1600 sí 1700, àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú èèpo rẹ̀ wá sí Yúróòpù, a sì rí i pé bí a bá lọ̀ ọ́ tí a pò ó mọ́ ọtí wáìnì, ó ń lé ibà. Ṣùgbọ́n èèpo igi kan kì í dà bí ìkejì. Òmíràn ní agbára, òmíràn kò ní, àwọn oníjìbìtì sì ń fi èèpo igi mìíràn lú u. Dókítà lè bu ṣíbí kan náà fún ènìyàn méjì, kí ọ̀kan yè kí ìkejì kú. Ní 1820, àwọn ọmọ Faransé méjì, Pierre Pelletier àti Joseph Caventou, yọ èròjà kan ṣoṣo jáde láti inú èèpo náà ní ìlú Paris. Wọ́n pè é ní quinine. Nígbà tí mo bá ń sọ pé èròjà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo tí ó wà nínú ewé tàbí èèpo, tí òun gan-an ń ṣe iṣẹ́ náà, ni mo ní lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tí ń tọ́jú ibà ti lè gbé oògùn lé orí òṣùwọ̀n kí ó mọ iye tí ó fún aláìsàn. Ìmọ̀ kẹ́mísìrì kọ́ ni ó dá quinine sílẹ̀. Inú igi ni ó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìmọ̀ náà ṣe ni pé ó jẹ́ kí a lè wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kò tó. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí Odò Ọya. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gòkè odò náà. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti kó lẹ́rú rí, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ. Nítorí pé wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ búburú ni ń fa ibà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ láti máa fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ̀fọn kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ tó nǹkan bí 150. Ó kéré tán, 40 nínú wọn ni ó kú láàárín oṣù díẹ̀. Ní 1854, ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Pleiad tún gba odò kan náà lọ, ó sì yà wọ Odò Bẹ́núè. Dókítà William Baikie ni olórí wọn, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Baikie ní kí àwọn òyìnbó máa lo quinine lójoojúmọ́, kí wọ́n má ṣe dúró dìgbà tí ibà bá dé. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ibà kò pa ẹyọ ẹnì kan. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni, quinine sì wà nínú àpótí àwọn dókítà nígbà méjèèjì. Bí a ṣe lò ó àti ìgbà tí a lò ó ni ó yàtọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ìtàn ní ààbọ̀. Oògùn tí ó dá ẹ̀mí àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn sí náà ni ó ṣí ọ̀nà fún àwọn tí wọ́n wá gba ilẹ̀ wa lẹ́yìn náà. Oògùn kì í yan ẹni tí yóò wò.

Ní 1934, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tí ń jẹ́ Hans Andersag, ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, ṣe èròjà kan tí kò sí nínú igi kankan. Wọ́n dán an wò, wọ́n rò pé ó léwu jù, wọ́n sì gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó tún jí i. Àwọn ará Japan gba erékùṣù Java ní 1942, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú quinine ayé ti ń wá. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan mìíràn kíákíá. Wọ́n tún èròjà Andersag yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kò léwu tó bí a ti rò. Èyí ni chloroquine. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà ààtàn mọ́ kòkòrò ibà. Pàǹtí onírin náà kò ní lè di hóró mọ́. Yóò gbá jọ sí i nínú, yóò sì pa á. Oògùn náà kò wọ́n, kò ṣòro láti lò, ó sì dé gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjà ti parí.

Ìjà kò parí. Nínú àìmọye kòkòrò, a máa rí ọ̀kan tí ìṣẹ̀dá rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Bí oògùn bá pa gbogbo àwọn yòókù tí ọ̀kan yìí kò kú, àwọn ọmọ tirẹ̀ ni yóò kún ibẹ̀. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n lè tu chloroquine jáde kúrò nínú ikùn wọn bí ọmọdé ṣe ń tu oògùn kíkorò. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni a kọ́kọ́ rí wọn ní agbègbè Thailand àti Kàmbódíà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n ti dé Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn òbí ń ra oògùn náà, wọ́n ń lò ó bí a ti wí, ara ọmọ kò sì balẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Oògùn náà ni kò jẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ìpọ́njú yìí tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan ti ń wá ọ̀nà àbáyọ ní ibi tí ẹnikẹ́ni níhìn-ín kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ogun ń jà ní Vietnam, ibà tí chloroquine kò ràn sì ń pa àwọn ọmọ ogun nínú igbó. Àwọn aláṣẹ Àríwá Vietnam bẹ ilẹ̀ Ṣáínà fún ìrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù karùn-ún, 1967, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣírí kan ní Beijing tí wọ́n fi ọjọ́ náà sọ lórúkọ: Iṣẹ́ 523. Ní oṣù kìíní 1969, wọ́n ní kí obìnrin kan tí ń jẹ́ Tu Youyou darí apá kan nínú rẹ̀. Ẹni ọdún 38 ni. Ìmọ̀ oògùn ni ó kọ́ ní Beijing; kò lọ kàwé lókè òkun, kò sì ní oyè dókítà.

Ẹ gbọ́ bí nǹkan ti rí fún un. Àkókò rúkèrúdò ńlá ni ní Ṣáínà. Wọ́n ń lé àwọn ọ̀mọ̀wé lọ sí abúlé, ọkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ọmọ méjì ni ó bí. Ó fi èyí àgbà, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, sí ilé ìtọ́jú ọmọdé, ó gbé àbúrò rẹ̀ lọ fún àwọn òbí rẹ̀, ó sì lọ sí erékùṣù Hainan, níbi tí ibà ti ń pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé àwọn onísègùn àtijọ́, wọ́n sì lọ bá àwọn tí ó wà láàyè. Àpèjúwe oògùn tí wọ́n kó jọ lé ní 2,000. Wọ́n ṣa 640 nínú wọn, wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé kan. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ewé, wọ́n ń se gbòǹgbò, wọ́n sì ń dán omi rẹ̀ wò lára èkúté tí wọ́n ti kó ibà ràn. Omi oògùn tí wọ́n dán wò lé ní 380. Ọ̀kan nínú wọn ti ara ewé kan wá tí wọ́n ń pè ní qinghao. Lẹ́ẹ̀kan, ó dá ìdá 68 nínú 100 àwọn kòkòrò náà dúró. Inú wọn dùn. Wọ́n tún un ṣe, ó já sí ìdá 40; wọ́n tún un ṣe, ó já sí ìdá 12. Ewé kan náà ni. Èwo ni kò pé nínú rẹ̀?

Tu padà sí inú ìwé. Ó tún ka iṣẹ́ Ge Hong, onísègùn kan tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,600 ọdún ṣáájú rẹ̀. Ó ti kà á rí. Lọ́tẹ̀ yìí ni ó ṣàkíyèsí pé onísègùn náà kò dárúkọ iná nínú ọ̀rọ̀ qinghao. Rírẹ sínú omi ni ó sọ, àti fífún. Kò sọ sísè. Obìnrin náà ronú pé bóyá ooru ni ó ń ba èròjà náà jẹ́. Bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe ni àwọn náà ti ń ṣe: ìkòkò, omi, àti iná. Ó wá fi omi sílẹ̀, ó mú ether, nǹkan ṣíṣàn kan tí ń hó ní ìwọ̀n ooru 35, nígbà tí omi ń hó ní 100. Ooru ara ènìyàn pàápàá ju 35 lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó tún yọ apá kan tí ó jẹ́ májèlé kúrò, ó sì fi èyí tí ó dára sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, 1971, wọ́n fún àwọn èkúté ní oògùn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 191. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ wọn, kòkòrò ibà kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lára ọ̀bọ, bákan náà ni ó rí.

Ta ni yóò kọ́kọ́ gbé e mu nínú ènìyàn? Ní oṣù keje 1972, Tu àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wọ ilé ìwòsàn, wọ́n mu ún fúnra wọn kí a lè mọ̀ bóyá ó léwu. Nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú un lọ sí Hainan, wọ́n lò ó fún aláìsàn 21, ara wọn sì dá. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n rí èròjà náà gan-an, hóró funfun bí iyọ̀. Òun ni gbogbo ayé ń pè ní artemisinin lónìí.

N kò ní fẹ́ kí ẹ rò pé ohun gbogbo dán láti ìgbà náà lọ. Ní 1973 wọ́n fi ṣe oògùn oníhóró, àwọn aláìsàn gbé e mì, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé hóró náà le jù, kì í yọ́ nínú ikùn. Nígbà tí wọ́n dà á sínú kápúsù, ó jẹ́. Ẹ sì má ṣe rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní Shandong àti Yunnan yọ èròjà náà pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ ní Shanghai sì wà lára àwọn tí ó wádìí bí a ṣe to ó. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977, orúkọ ẹnì kan kò sí lórí ìwé náà. Ní 2015 ni a fún Tu Youyou ní ẹ̀bùn Nobel, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 84. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà tí ó gba ẹ̀bùn náà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ó fẹ́ mọ bí èròjà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Átọ̀mù kábọ́ọ̀nù 15, átọ̀mù háídírójìn 22 àti átọ̀mù ọ́síjìn 5 ni a fi to ó. Méjì nínú àwọn ọ́síjìn náà ni a so pọ̀ mọ́ ara wọn, ìdè wọn sì rọrùn láti já, gẹ́gẹ́ bí pàkúté tí a ti dẹ sílẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ lásán, pàkúté náà kì í tètè ré. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irin inú pàǹtí kòkòrò ibà. Bí artemisinin bá kan irin yẹn, pàkúté náà yóò ré, yóò sì máa ba gbogbo nǹkan jẹ́ nínú kòkòrò náà. Ohun tí ó jẹ ni ó pa á.

Àléébù kan wà. Artemisinin a máa yára ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni. Kòkòrò tí kò bá kú láàárín àkókò náà yóò tún gbérí. Nítorí náà ni a ṣe so ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn tí ń pẹ́ lára, irú bíi lumefantrine. Ọ̀kan yóò pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kíákíá, ìkejì yóò máa ṣọ́ ilé títí ìyókù yóò fi tán. Ní 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè tí chloroquine kò ràn mọ́ níyànjú pé kí wọ́n máa lo irú àdàpọ̀ yìí. Nàìjíríà gbà á ní 2005. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ọmọ mi ní kíláàsì kò fi mọ chloroquine. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ń lo artemether àti lumefantrine láàárín ọjọ́ mẹ́ta, a sì ń jẹun tí ó ní epo díẹ̀ sí i kí ara lè gbà á.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti kan ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé. Ní ọjọ́ kejì, ara á ti fúyẹ́. Ọmọ á ti máa sáré kiri. Ìyá á wo owó tí ó ná, á sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a fi ìyókù pamọ́ de ìgbà mìíràn." Ìyókù tí ó fi pamọ́ yẹn ni ó yẹ kí ó pa kòkòrò tí ó le jù nínú wọn. Ọ̀nà tí chloroquine bá lọ, èyí náà lè bá a lọ. Ní 2009, àwọn dókítà tẹ ìròyìn jáde láti Kàmbódíà pé artemisinin kì í tètè pa kòkòrò ibà mọ́ níbẹ̀ bí ti àtijọ́. Ní 2020, a rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní Rwanda, ní 2021 a rí i ní Uganda. Ẹ rántí ọ̀nà tí chloroquine gbà wá: láti Éṣíà, dé Ìlà-oòrùn Áfíríkà, dé ọ̀dọ̀ wa. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún 2022, nínú 100 ènìyàn tí ibà pa ní gbogbo ayé, 31 jẹ́ ará Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń pa ní Áfíríkà. Kò sí orílẹ̀-èdè tí oògùn yìí ṣe pàtàkì fún tó tiwa.

Àwọn onímọ̀ kò káwọ́ gbera. Ní Kalifóníà, Jay Keasling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí ìṣẹ̀dá yíìsì padà, irú yíìsì tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, tí ó fi ń pèsè ohun tí a lè sọ di artemisinin. Ní 2013, a gbọ́ pé lítà kan nínú ìkòkò wọn ń mú gíráàmù 25 nǹkan náà jáde. Síbẹ̀, oko ni púpọ̀ nínú èyí tí a ń lò ṣì ti ń wá, nítorí pé ewé kò wọ́n tó ẹ̀rọ. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ Novartis kéde pé èròjà tuntun kan, ganaplacide, tí a pò mọ́ lumefantrine, yege nínú àyẹ̀wò lára àwọn aláìsàn ní Áfíríkà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Tíṣà, bí ewé ni, kí ló dé tí a kò gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé kí a máa mu àgbo rẹ̀?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ èèpo cinchona. Ewé kan kì í dà bí ìkejì, kò sì sí ẹni tí ó lè fojú wọn iye èròjà tí ó wà nínú ago. Èyí tí kò tó yóò kàn kọ́ kòkòrò náà ní ọgbọ́n ni. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi fọwọ́ sí i.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a kẹ́gàn ewé wa. Ní 1971 yẹn kan náà, ọdún tí wọ́n ṣe oògùn nọ́ńbà 191, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs-Sodeye tẹ ìwé jáde pé omi gbòǹgbò orín àta, igi tí a fi ń rin ẹnu, lè mú ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ó ti tẹ̀ bí dòjé, padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí nínú ìgò. Inú ilẹ̀ wa ni a ti rí èyí, kì í ṣe Beijing. Orín àta kò tíì di oògùn tí a ń kọ fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn bí artemisinin ti dà. Láti inú ìgò dé ara aláìsàn, ọ̀nà náà jìn: ó gba owó, ó gba ọ̀pọ̀ ọwọ́, ó gba ẹni tí yóò gbìyànjú ní ìgbà 380 tí kò ní sú u.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín sí. Bí ibà bá ń ṣe ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn, nítorí kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Bí ẹ bá ra á, ẹ lò ó tán, bí ara tilẹ̀ ti yá. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lọ bá ìyá yín àgbà, ẹ kọ orúkọ ewé tí ó mọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó ń sè é ni tàbí ó ń rẹ ẹ́. Ge Hong kò mọ èròjà, kò mọ átọ̀mù, ṣùgbọ́n ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ dáadáa, ìwé rẹ̀ sì gba ẹ̀mí àwọn ọmọ wa là lẹ́yìn 1,600 ọdún.

Òwe àwọn àgbà kò purọ́. Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ewé ti pé, ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni kò pé. Nígbà mìíràn ọ̀nà ti pé, ìwọ̀n ni kò pé. Nígbà mìíràn ohun gbogbo ti pé, ó ku oògùn ọjọ́ kẹta nínú páálí lórí àjà. Ẹ lọ wò ó nílé yín lálẹ́ yìí. Ó dìgbà ó ṣe.